Ẹ Dojú Àga Náà Dé Kí Ẹ Tó Sanwó

Ojú ọjà ni àwòrán máa ń gbé jáde. Abẹ́ rẹ̀ ni àbùkù sì máa ń sá sí. Kí ẹ tó gbéra lọ wo àga àlòkù kankan tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bèèrè fọ́tò mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ rẹ̀, igun tó họ jù, àti ọ̀kan tí wọ́n na téèpù ìwọ̀n sí i lára. Ẹni tí ọjà wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́ kò ní pẹ́ yà á. Èyí tó bá ń dáhùn pé "ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà dáadáa" lẹ́ẹ̀mẹta láìfi fọ́tò kan ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòrán ọjà ọlọ́jà ló ń gbé kiri.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì jókòó. Ẹ di igun iwájú kan mú lára àga onítìmùtìmù náà, ẹ gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bí férémù rẹ̀ bá lágbára, ẹsẹ̀ iwájú kejì á ti gbéra nílẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹsẹ̀ kejì bá ṣì rọra dúró, tí àga ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀ nìyẹn, ìṣó méjì péré kò sì ní tún un ṣe. Ní ti fóòmù, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì ṣíwọ́. Bí ipa ọwọ́ bá pẹ́ kó tó kúrò, fóòmù ti kú, ẹ fi ìyẹn ná owó wálẹ̀. Fóòmù ṣeé pààrọ̀. Férémù tó ti ṣẹ́ nínú ni wàhálà.

Ìdun wá ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ dojú àga náà dé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ojú rírán àti ihò síkúrù. Ìdun tó ti dàgbà gùn tó mílímítà 5. Ẹyin rẹ̀ funfun, kò ju mílímítà kan lọ, ojú lè fò ó. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń tú u fó: àmì dúdú tótòtó, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣónṣó bírò kan aṣọ. Ẹ fi káàdì líle kan gba inú ojú rírán kọjá, kí ẹ wo ohun tó bá bá a jáde. Bí wọ́n bá ní àga náà ti wà ní yàrá òfìfo láti oṣù mẹ́ta, ìyẹn kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ìdun lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ti kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì kún un. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe igi gidi, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Kò burú, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀: tó bá ti wú bí ìwé tí omi dà sí, kò ní fọn padà mọ́ láéláé. Ẹ tún bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tú u. Gbogbo ìgbà tí síkúrù bá jáde, tó tún wọlé, ó ń jẹ ihò rẹ̀ sí i, títí tí kò fi ní mú nǹkan kan mọ́. Lára igi gidi, ẹ lè fi igi ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti gé orí wọn, tí ẹ fi gọ́ọ̀mù igi pa, dí ihò náà, kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó dá síkúrù padà. Lára pákó títẹ̀, ìrètí ibẹ̀ kéré.

Ihò róbótó tí kò ju mílímítà 1 sí 2 lára igi, iṣẹ́ kòkòrò ni. Ihò àtijọ́ nìkan kò ba ọjà jẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé dúdú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ gbá igi náà. Bí lẹ́búlẹ́bú tó mọ́ bá dà sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà ńlé.

Ti olùrà la ti ń sọ bọ̀; olùtajà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí kò wo ọjà, tí kò náwó, tó wá fi owó tó ju iye tí ẹ pè lọ ránṣẹ́, tó ní kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó máa kó o, gbájúẹ̀ ni. Owó àkọ́kọ́ máa pòórá, tiyín ló máa lọ. Ẹ má ka nọ́ńbà ìdánilójú tó wọ fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, kódà bó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni yín. Bí wọ́n bá sì fi alẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ ṣí áàpù báǹkì tiyín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ gan-an kí àga tó jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin olùrà náà, ẹ má san àsansílẹ̀ fún ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn.

Ti gbígbé ló kù. Ẹ wọn ibi tí ẹnu ọ̀nà ti fún jù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kì í ṣe láti ògiri dé ògiri, kí ẹ sì fi wé gíga àti jíjìn àga náà. Títú ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fún yín ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀ kúrò kí ẹ tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Gíláàsì orí tábìlì, òòró ni kí ẹ gbé e, kì í ṣe ìbú. Àwọn síkúrù ńkọ́? Inú ọ̀rá kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, kí ẹ so ọ̀rá náà mọ́ ara ohun tí wọ́n tú u kúrò, kì í ṣe sínú àpò awakọ̀.