Ẹ má ṣe gé “bá” kúrò lára àjogúnbá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Olùkọ́ wa àgbà ti fún wa ní orúkọ fún irú àgbègbè tí wọ́n fi àmì sí nítorí ìtàn, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹwà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú, tí àlejò sì ń wá wò, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “heritage area”. Wọ́n ní ká máa pè é ní “Ilẹ̀ Ogún Ẹkùn”. Wọ́n ní “àgbègbè àjogúnbá” tí èmi kọ sínú ìwé pélébé tí mo ń túmọ̀ ti gùn jù, pé “bá” tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan, pé ogún náà ni ogún ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ náà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ni, àwọn tí wọ́n kọ́ ló kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n n kò lè gba èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ orúkọ náà láìsí àmì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa kọ ọ́ lórí fóònù: Ile Ogun Ekun. Ẹni tó bá rí i lára pátákó lójú ọ̀nà, kí ni yóò kà? Ilé ogun, ẹkún. Ibi tí ogun ti jà tí wọ́n ti sunkún. Ẹ ó ní ẹ̀bi ẹni tí kò fi àmì sí i nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣẹ̀dá lónìí, ó yẹ ká ro irú ọwọ́ tí yóò bọ́ sí. Bí “agbegbe ajogunba” bá tilẹ̀ pàdánù gbogbo àmì orí rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní kà á tọ́.

Ẹ wá bá mi wo “bá” náà. À-jẹ-ogún-bá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àdáyébá, à-dé-ayé-bá: ohun tí a dé ayé tí a bá. A kò rà á, a kò kọ́ ọ, ó ti wà kí á tó dé. “Bá” ni ó ń sọ fún wa pé nǹkan náà ṣáájú wa. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ogún nìkan ló kù, ohun pípín sì ni ogún. Ẹni tó jogún ilé lè tà á lọ́la kó ná owó rẹ̀ tán, kò sí ẹni tó máa mú un. Ta ló rí ẹni tó ta iṣẹ́ àjogúnbá? Ta ló rí ẹni tó ní àrùn àjogúnbá, tó ní kí àbúrò òun wá gba ìdajì? Èdè fúnra rẹ̀ ló ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí èmi tàbí olùkọ́ wa tó dá sí i.

Arákùnrin wa tó kọ ọ́ ní “ajogúnbá”, láìsí ohùn ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀. Akọrin ni ẹni tó ń kọrin, àkọsílẹ̀ ni ohun tí a kọ. Ajogún ni ẹni tó jogún, àjogúnbá ni ohun náà. Bí ẹ bá tún wá gbàgbé ohùn òkè orí “ogún”, ajogun ló délẹ̀ yẹn, ikú, àrùn àti òfò, àwọn ọ̀tá ọmọ ènìyàn. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàrin àrólé àti ọ̀tá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá bi bàbá mi àgbà pé kí ló dé tí a fi ń ṣe nǹkan báyìí, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún mi: “A bá a bẹ́ẹ̀ ni.” Inú máa ń bí mi. Mo rò pé wọn kò fẹ́ dá mi lóhùn ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wọ́n ti dá mi lóhùn. Ohun tí a bá, a kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. “Bá” inú àjogúnbá ni wọ́n ń pè lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà ni. Ara mi kò gbà á kí á gé e dànù nítorí kí orúkọ lè kúrú.

“Ilẹ̀” ló wá kàn, níbẹ̀ gan-an ni mo ti rò pé orúkọ yìí lè ṣe ìpalára. Olùkọ́ wa fi òwe gbe ara wọn lẹ́yìn, pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà.

Ní 1984 ni Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó dá àkọ́kọ́ irú àgbègbè yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, Illinois and Michigan Canal. 1836 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1848. Ó gùn tó kìlómítà 155, òun ló so ìlú Chicago mọ́ odò Illinois, tí ọkọ̀ ojú omi fi lè ti ibẹ̀ dé odò Mississippi. Nígbà tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́, àwọn ìlú tí odò náà bí ṣì wà, pẹ̀lú ilé ìkẹ́rù, afárá àti oko wọn. Òfin 1984 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ ń ro oko rẹ̀, oníṣòwò ń tajà, onílé ń gbé ilé rẹ̀. Àwọn ará àgbègbè ló ń darí ètò náà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà orílẹ̀-èdè ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, owó tí ìjọba àpapọ̀ bá sì fi sílẹ̀, wọ́n ní láti wá iye kan náà kún un. Irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ ti lé ní 60 níbẹ̀ báyìí.

Ẹ wá lọ bá ẹni tó ní oko láàrin rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé oko rẹ̀ ti di Ilẹ̀ Ogún. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: ogún ta ni? Ta ló kú? Ta ló ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ mi? Ìbẹ̀rù yìí kan náà ló mú kí àwọn kan máa ta ko irú àgbègbè wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà, títí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú òfin ní kedere pé kò fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi òfin là yé àwọn ènìyàn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan dà á rú ní èdè tiwa.

Ti Faransé náà wà níbẹ̀. Láti 1967 ni wọ́n ti ṣòfin pé àwọn ìlú àti abúlé tó wà lágbègbè kan lè fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, kí wọ́n jọ máa tọ́jú ibẹ̀ lábẹ́ orúkọ tí ìjọba fún un. Ọdún 15 ni àdéhùn náà ń lò lónìí, tó bá pé, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ wọn o. Kò sí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ lọ.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti àfonífojì odò Elbe ní Dresden, ní Jámánì. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2004, kì í ṣe ilé kan, kì í ṣe ààfin kan, gbogbo àgbègbè ẹ̀bá odò náà lápapọ̀ ni. Àwọn ará ìlú dìbò ní 2005 pé àwọn fẹ́ afárá tuntun kọjá odò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ní 2009 UNESCO yọ Dresden kúrò. Àwọn ààfin ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí papọ̀ lójú ẹni tó bá dúró lẹ́bàá odò, ìrísí tí wọ́n bá, òun ni UNESCO sọ pé ó bàjẹ́. Ẹ fi “ilẹ̀” sọ ìyẹn fún mi kí n gbọ́.

Ní ti ẹkùn, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹkùn ìdìbò ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti pe àgbègbè, kí la tún ń fi ẹkùn wá?

Ìyá wa tó dá sí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì bèèrè nǹkan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wọ́n ní bí a bá tú jogún sí jẹ ogún, ṣé jíjẹ kọ́ ni àlejò ń wá jẹ ẹ́? Èsì mi ni pé “jẹ” inú jọba àti joyè nìyẹn, jẹ ti ipò. Ẹni tó jọba kò fi ìlú ṣe oúnjẹ. Síbẹ̀ mo mọ ohun tí wọ́n rí. Ihò àpáta Lascaux ní Faransé, tí àwọn ará ayé àtijọ́ ya ẹranko sí lára, 1940 ni wọ́n rí i, 1948 ni wọ́n ṣí i fún àlejò, nígbà tó fi máa di 1963 wọ́n ti tì í. Èémí àwọn tó ń wá wò ó ń ba àwòrán náà jẹ́, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ń hù lára ògiri. Àwòkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣí ní 1983 fún àwọn àlejò. Èémí lásán, tí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà mo dá apá kan ọ̀rọ̀ mi àtijọ́ padà. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé “ìpamọ́” tí olùkọ́ wa ń lò fún bíbójútó irú ibi bẹ́ẹ̀ kò dára, torí pé ẹni tó pa nǹkan mọ́ lè jẹ́ pé ó fi í pamọ́ fún ojú ni, pé “ìtọ́jú” ló yẹ. Lascaux fi hàn mí pé nígbà mìíràn, pípamọ́ gan-an ni ìtọ́jú. Olùkọ́ wa ló jàre níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì sílẹ̀, kí á máa lò wọ́n níbi tó bá ti yẹ.

“Ìrìnàjò afẹ́” ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Gbogbo wa la ń lò ó. Àmọ́ ẹni tó lọ sí erékùṣù Gorée ní Senegal, tó wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti 1978, tó lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn ẹrú mọ́lé kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun, ṣé afẹ́ ló bá lọ? Ní 2006 Amẹ́ríkà fi àmì sí àgbègbè àwọn Gullah Geechee, láti North Carolina dé Florida, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tí wọ́n ṣì ní èdè tiwọn. Lẹ́nu wọn ni Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ jọ, títí kan ti Yorùbá, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé lẹ́nu àjèjì, ẹ má pe ìrìn yẹn ní afẹ́ lójú mi.

Ẹnì kan ti dá “ìrìnàjò ìbẹ̀wò” lábàá, ìbẹ̀wò aláìsàn ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. “Ìrìnàjò ìrántí” kò bá ẹni tó kàn fẹ́ wo òkè àti odò mu. N kò tíì rí èyí tó tọ́, ẹni tó bá ní i kó gbé e wá, yálà ó ti kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún tàbí kò kọ́ni rí.

Ọjọ́ Ajé ni ìwé pélébé mi ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo fi “afẹ́” sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní ibi méjì, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Iwájú rẹ̀ ni mo kọ “àgbègbè àjogúnbá” sí, pẹ̀lú “bá”.