Ká má pè é ní arọ: ẹsẹ̀ tó wọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó ká kò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú álípákà, ìbátan ràkúnmí tí wọ́n ń sìn lórí òkè ní Peru torí irun ẹ̀, ní ká máa pe ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bá bí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò gún ní "arọ àbímọ́". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Tá a bá ti pe nǹkan ní arọ, a ti gbà pé bó ṣe máa wà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ń dìde rìn, àwọn míì gan-an kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí wọ́n tó dìde.

Ewúrẹ́ màmá mi níbí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ bí ìbejì lọ́dún tó kọjá, pátákò iwájú ìkan yí sẹ́yìn, ọrùn ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní arọ nílé, màmá ní "ẹsẹ̀ ẹ̀ ká kò ni", wọ́n wé òwú mọ́ ọn, wọ́n fi ọparun lílà méjì há a, wọ́n fi àkísà dì í, àràárọ̀ ni wọ́n ń tú u tí wọ́n ń wo awọ ẹ̀ kó má di egbò, wọ́n á gbé e sún mọ́ ọmú ìyá ẹ̀ títí á fi mu yó. Iṣan ló kúrú níbẹ̀, ohun táwọn dókítà ẹran sì ń ṣe fún ọmọ álípákà náà nìyẹn. "Iṣan kíká kò" ti wà lẹ́nu wa kẹ̀.

Èyí tí orúnkún iwájú ń gbá ara wọn, tí ìsàlẹ̀ ṣí síta, tá à ń pè ní kélẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ò kan iṣan. A máa ń sọ pé amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, àmọ́ ti álípákà yìí òkè orúnkún ni, ibi tí eegun ti ń gùn, apá kan ń yára ju ìkejì lọ. Àwọn tí wọ́n bí nígbà òtútù l'Ámẹ́ríkà àti England tún wà, oòrùn ò tó, irun tó ki yẹn ò sì jẹ́ kó dé awọ, fítámì D á wọ́n lára wọn, eegun á rọ̀. Abẹ́rẹ́ fítámì nìyẹn ń fẹ́, òmíràn iṣẹ́ abẹ kí eegun tó gbó. Ẹni tó bá ka "arọ" á kàn lọ di ọparun mọ́ eegun tí ebi fítámì ń pa, ọjọ́ á sì máa lọ. "Ẹsẹ̀ wíwọ́" ni kẹ́ ẹ pe ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Igi tí wọ́n ń dì mọ́ ọn wá ńkọ́? "Ìgbésẹ̀ró" tẹ́nì kan dábàá dáa, àmọ́ ó sún mọ́ "ìgbésẹ̀" jù. Èmi rò pé "igi ìdìmẹ́sẹ̀", ẹ bá mi pè é lẹ́nu wò.