Bàálù tó gba orí ilé mi kọjá

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ gbọ́ tèmi. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Accra, mo ní láti lọ bá a wẹ ọmọ. Àna mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Mo wò ó: bàálù á gbéra ní Ìkẹjà ní 12:10, á balẹ̀ ní Accra ní 12:10. Háà, ṣé àǹjọ̀nnú ló fẹ́ gbé mi ni? Mo ti fẹ́ pè é pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì. Àbúrò mi ló fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní aago Gánà fi wákàtí kan gbẹ́yìn tiwa, aago ìlú kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń kọ sórí ìwé.

Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi títí dòní ni ọ̀nà tí mo gbà. Apá ìwọ̀-oòrùn ni Gánà wà sí Àgbádárìgì, ìlà-oòrùn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Aago márùn-ún ìdájí ni mo jáde nílé mi ní Àgbádárìgì. Àwọn agbófinró dá wa dúró lọ́nà, wọ́n ní ká ṣí búùtù, wọ́n ní ká máa lọ. A rìn díẹ̀, àwọn mìíràn tún ní ká ṣí i. Ẹja yíyan tí mo dì fún ọlọ́mọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tú u wò. Ní Àgbárá, gòsíloò. Ní Ìyànà Ìbá, awakọ̀ yà gba Ìgàndó. Aago mẹ́sàn-án ti lù kí n tó rí pápákọ̀ òfurufú, òógùn ti mu gèlè mi.

Bàálù wá gbéra. Kò pẹ́ tí mo rí ọ̀sà àti etí òkun nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Màámi, Àgbádárìgì nìyẹn." Ilé mi! Ó kù díẹ̀ kí n pariwo "ó wà o!" bíi ti inú dánfó.

Ọmọ Màrínà: Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Kò parọ́ fún yín. Ẹ fa ìlà tààrà lórí máàpù láti Ìkẹjà dé Accra, nǹkan bí 400 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí ìlú wa gan-an. Wákàtí kan tí wọ́n ń kọ yẹn, láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò nídìí géètì ni wọ́n ti ń kà á títí á fi dúró jẹ́ẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tó fi ń fò kò tó bẹ́ẹ̀.

Àbọ̀ ni tèmi. Mo kúrò ní Accra ní aago mẹ́ta, mo ní kí ìyàwó mi wá pàdé mi ní mẹ́rin. Mo gbàgbé pé wákàtí tí wọ́n fún mi nígbà àlọ, wọn á gbà á padà. Aago márùn-ún ni mo balẹ̀. Ojú tó fi wò mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ.

Èrò Sẹ̀mẹ̀: Ẹ̀yin olówó! Ilẹ̀ lèmi gbà. Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé, Aflao tó jẹ́ bodè Gánà. Iye kìlómítà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo jáde, ilẹ̀ sì ti ṣú kí n tó dé. Aago Bẹ̀nẹ̀ bá tiwa dọ́gba, ti Tógò ló bá ti Gánà mu. Bí a ṣe kọjá Hilla-Condji, bodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ni aago fóònù mi fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Mo ní ó dáa, ẹ kúkú bá mi dá èyí tí mo lò ní Sẹ̀mẹ̀ náà padà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ọmọ Màrínà, mo ti pe ilé. Mo ní aago márùn-ún ni kí wọ́n wá.