Káńsù Lọ́ńdọ̀nù ní ilé mi gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ: ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ọdún 24 ni mo fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó padà wálé, mo sì ra ilé kékeré kan síbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi mójú tó o. Owó ilé yẹn ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ya fọ́tò lẹ́tà káńsù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, torí pé àwọn tí kò bára tan ló pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa ló tó jẹ́wọ́: ó ti fi pákó pín pálọ̀ sí méjì, ayálégbé mẹ́fà ló ń gbébẹ̀, kíṣìnnì kan, balùwẹ̀ kan. Ó ní kí n má dá wọn lóhùn, pé wọ́n á gbàgbé. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Mò ń náwó wọn, mi ò mọ̀ pé èèyàn ń sùn lẹ́yìn pákó nínú pálọ̀ mi.

Bọ̀dá Ṣágámù:
Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ṣebí owó orí ilé ni gbogbo káńsù ń wá, bíi tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì tí wọ́n ń mú wá fún wa níbí. Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ wà, ta ló máa wá mú yín?

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
Bọ̀dá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì tí òfin ìpìlẹ̀ 1999 gba káńsù wa láàyè láti gbà, ilé ni wọ́n ń díye lé. Ti ọ̀hún, èèyàn inú ilé ni wọ́n ń wò: tí iná bá sọ lóru, ṣé wọ́n á rọ́nà jáde? Ṣé yàrá tó èèyàn í gbé?

Òfin ilé ọdún 2004 ló bí ìwé àṣẹ yìí ní England. Tẹ́lẹ̀, ilé alájà mẹ́ta sókè ló kàn. Láti October 1, 2018, ilé alájà kan pàápàá wọ̀ ọ́, bí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kì í ṣe ìdílé kan, bá jọ ń lo kíṣìnnì tàbí balùwẹ̀. Àwọn káńsù kan tún fẹ̀ ẹ́ sí i: Newham, káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé láti 2013, kódà tó bá jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo ló wà nínú ilé.

Ìyá, ẹ má dúró. Ọjọ́ tí ẹ bá ti kọ̀wé béèrè bó ṣe yẹ, tí ẹ sanwó rẹ̀, wọn ò lè fẹ̀sùn àìgbàwé kàn yín láti ọjọ́ náà lọ. Àmọ́ ti ìgbà tí ẹ kò tíì kọ̀wé ṣì wà lọ́rùn yín: ní 2017, òfin gbà kí ìtanràn tí káńsù lè bu fún onílé láìdé kóòtù tó 30,000 pọ́n-ùn.

Kí àbúrò yín fi tépù wọn yàrá pákó yẹn. Àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá tí kò tó mítà 6.51 tí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ sọ òró rẹ̀ di púpọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 8 kò tó o.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìyá Ìbejì, ohun tó ṣe mí ni mò ń sọ o. Èmi náà sọ lẹ́tà tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn ayálégbé gbé mi lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ilé, wọ́n sì ní kí n dá owó oṣù mẹ́sàn-án padà. Mo sunkún. Owó tí mo fẹ́ fi parí ilé ìyá mi ni. Ẹ wá ẹni tó ń gbébẹ̀, tó mọ òfin, kó di alábòójútó. Pẹ̀lú ohun tí àbúrò yín ṣe yìí, mi ò ní fún un.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò mi wọn yàrá pákó náà: ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8. Mo pe ọmọ tó ń gbébẹ̀ fúnra mi. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ojúmọmọ ló ń sùn, ó ní gbogbo ariwo kíṣìnnì ló ń gbọ́. Ṣé kí n ní kó jáde ni?

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
Rárá o! Ẹ má lé e, òfin mìíràn nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí nínú ìwé yín. Káńsù lè fún yín láàyè tó oṣù 18 láti tún yàrá ṣe. Tí yàrá gidi kan bá ṣófo, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lé lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi fi ìwé náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo ti sanwó. Ẹni kan máa kó kúrò lókè lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ yẹn ló máa gba yàrá rẹ̀. Káńsù béèrè ìwé ẹ̀rí pé gáàsì ilé náà kò léwu, àti ti iná mànàmáná. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni?

Ọmọ Ìpẹ̀rù:
Ọdọọdún ni ti gáàsì. Ti iná, ọdún márùn-ún-márùn-ún. Ẹ pe oníṣẹ́ gáàsì lónìí, ìyá.