Àbọ̀ lórí ṣéènì tó ń le níbì kan, tó ń dẹ̀ níbòmíràn: ojútùú ti wà

Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ní jíà kan ṣoṣo kì í le dọ́gba bí pẹ́dà bá ń yí. Irin eléyín iwájú ló fà á: kò jókòó sáàárín gan-an.

Ẹ dẹ àwọn bóòtù tó dì í mú díẹ̀, ẹ yí pẹ́dà dé ibi tí ṣéènì ti le jù, kí ẹ sì rọra fi ìdí sípánà gbá ṣéènì náà láti òkè. Irin náà á sún. Ẹ fún bóòtù padà, ẹ tún un yí wò. Ìyàtọ̀ náà lè má tán pátápátá, ṣùgbọ́n á kéré. Ẹ má fi ìka sún mọ́ ṣéènì tó ń yí o; ó lè gé e.

Ibi tó le jù yẹn náà ni kí ẹ ti wọn ṣéènì, kì í ṣe ibi tó dẹ̀: kó máa lọ sókè-sódò tó mìlímítà 10 sí 15 láàárín. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíárìn ló ń jẹ. Bó bá dẹ̀ jù, á yọ.

Láti mú ṣéènì dé ìwọ̀n yẹn, nọ́ọ̀tì méjì tó di táyà ẹ̀yìn mú lẹ máa lò, bí ẹ bá ti dẹ̀ wọ́n: fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, tì táyà síhà òsì kí ṣéènì le, fún nọ́ọ̀tì òsì. Lẹ́yìn náà, dẹ ọ̀tún, mú táyà wá sáàárín, kí o sì fún méjèèjì dáadáa. Táyà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ rọ́bà bíréèkì wò.