Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi òfin FOI ṣe ìwádìí, ẹ wá sọ ìrírí yín

Olùwádìí Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí á kó ìrírí wa jọ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń kà nípa òfin FOI, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí àwa ọmọ yunifásítì ń wá yàtọ̀ sí tiwọn. Oníròyìn ń wá ohun tó máa jáde lọ́la. Àwa ń wá ìwé ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo.

Tèmi rèé. Iṣẹ́ PhD mi dá lórí kíláàsì tí wọ́n ń fi owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kọ́ sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí owó náà ṣe ń rìn: òfin ọdún 2004 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2 nínú 100 sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ náà kalẹ̀. Kí owó tó jáde, ìpínlẹ̀ máa ń kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Action Plan: ilé ìwé wo, ní ìjọba ìbílẹ̀ wo, kíláàsì mélòó, àga mélòó. Ìwé yẹn ni mo ń lé.

Kí n tó kọ lẹ́tà rárá, alábòójútó mi ní kí n jókòó kọ orúkọ gbogbo ìwé tí kíláàsì kan máa ń bí, láti ọjọ́ tí wọ́n dábàá rẹ̀ dé ọjọ́ tí ọmọ wọlé síbẹ̀. Action Plan, ìwé ìṣirò iṣẹ́ tí àwọn kọngilá ń pè ní BOQ, lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún kọngilá, àbọ̀ àwọn tó lọ wo iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Orúkọ ìwé wọ̀nyí ni mo kọ sínú lẹ́tà, pẹ̀lú ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ní ẹ̀ka wa kọ tirẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ná owó UBEC?" Ìwé ìléwọ́ aláwọ̀ mèremère tó kún fún fọ́tò gómìnà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ ò sì lè sọ pé wọn ò dáhùn!

Mi ò sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ìwé náà. Abala 1 òfin ọdún 2011 sọ ọ́ gbangba pé kò pọn dandan. Síbẹ̀ mo so lẹ́tà ẹ̀ka wa mọ́ ọn, nítorí ó máa ń dín ìfura kù. Mo sì dúró títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ ọjọ́ lé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni ọjọ́ méje òfin ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ yẹn, kò kọ lẹ́tà kankan lójú wọn.

Wọ́n fún mi ní Action Plan láìjanpata. BOQ ni wọ́n kọ̀, wọ́n ní àṣírí òwò àwọn kọngilá ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀. Mo rí ilé ìwé kan nínú ìwé ọdún méjì tó tẹ̀lé ara wọn, kíláàsì kan náà, iye kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní wọ́n ti kó owó jẹ. Mo lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ṣàlàyé pé ní ọdún àkọ́kọ́, ìpínlẹ̀ kò rí owó tirẹ̀ gbé kalẹ̀, ni wọ́n bá gbé ètò náà sún sí ọdún kejì. Action Plan sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ ló ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá gba ọ̀kan láìgba èkejì, tó wá fi kọ tísìsì, yóò ba orúkọ olórúkọ jẹ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ nílùú Ọba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, òfin ọdún 2000 là ń lò, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Scotland sì ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ogún ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń dáhùn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

Ìwádìí mi jẹ mọ́ ògbufọ̀ fún àwọn aláìsàn tó ń sọ Yorùbá ní ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba níbí. Trust kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn náà, ló ń ṣètò ògbufọ̀ tirẹ̀, torí náà mo ní láti kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí wọ́n kó ránṣẹ́! Àwọn kan fi Excel tó mọ́ tónítóní ránṣẹ́, èdè kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Àwọn kan ya bébà ní fọ́tò, wọ́n wá pè é ní PDF. Trust kan da Yorùbá pọ̀ mọ́ gbogbo èdè yòókù tó ti Áfíríkà wá, ó di iye kan ṣoṣo. Títò wọ́n pọ̀ gbà mí lákòókò ju bíbéèrè wọn lọ, kò sì sí olùkọ́ tó kìlọ̀ irú èyí fúnni ní kíláàsì ọgbọ́n ìwádìí.

Àwọn tó kọ̀ fún mi, abala 12 ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. Òdiwọ̀n kan wà: £25 ni wọ́n ń ka wákàtí kan sí, bí wíwá ìwé náà bá máa ju £450 lọ, ìyẹn wákàtí 18, wọ́n lè ní àwọn ò ṣe. (Ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ £600.) Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èdè aláìsàn wà nínú fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi kí wọ́n ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn pèsè ògbufọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ń fi ìwé owó ránṣẹ́, èdè sì sábà máa ń wà nínú ìwé owó. Mo fi fáìlì aláìsàn sílẹ̀, mo béèrè ìwé owó: ọjọ́, èdè, iye. Mo tún rán wọn létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé abala 16 ní kí wọ́n ran olùbéèrè lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló ṣí.

Ibi tí àwa Yorùbá ò bá pọ̀ sí, wọ́n á kọ "kò tó 5" dípò iye gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà dá aláìsàn mọ̀. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan ń bínú sí èyí. Èmi fara mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìyá kan ṣoṣo ló ń sọ Yorùbá ní ìlú kékeré kan, ìwádìí mi ò gbọdọ̀ fi í hàn fún aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: bí ẹ bá gba orí WhatDoTheyKnow, ìkànnì tí wọ́n ń fi kọ ìbéèrè FOI níbí, béèrè, gbogbo ayé ló ń rí ìbéèrè àti ìdáhùn. Ó dára fún aráàlú. Fún ẹni tí kò tíì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kó fọkàn sí i.

Bàbá Lọ́yà

Olùwádìí, ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé abala báyìí ni àwọn fi kọ̀, àbí ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́? Abala 7 ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ibi tí òfin ti fún wọn láyè. Àṣírí òwò tí wọ́n ń wí wà ní abala 15, ṣùgbọ́n abala 24 di ẹrù ẹ̀rí lé ọ́fíìsì lórí. Àwọn ni yóò sọ fún adájọ́ ohun tó sọ iye bíríkì ilé ìwé ìjọba di àṣírí. Bí àkókò bá kọjá láìsí èsì, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Ọjọ́ 30 lo ní láti lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ abala 20. Má jẹ́ kó kọjá. Ìtanràn ₦500,000 ló wà fún kíkọ̀ láìnídìí.

Àwáwí "òfin àpapọ̀ ni, kò kan ìpínlẹ̀" ti kú. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ sọ ní 2018 pé ó kan ìpínlẹ̀, ti Benin sọ pé kò kàn án, àwọn ọ́fíìsì wá ń mú èyí tó wù wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ parí ìjà náà nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Edo: ó kan gbogbo wọn. Tẹ ojú ewé ìdájọ́ náà, so ó mọ́ lẹ́tà rẹ.

Akọ̀tàn Maryland

Òfin tiwa níbí ní Amẹ́ríkà ti pẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù keje 1966 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ ogún ló wà lórí ìwé. Lórí ìwé ni mo wí o. Tí ẹ bá béèrè ìwé àṣírí, ẹ gba iṣẹ́ mìíràn ṣe nígbà tí ẹ bá ń dúró, torí ọ́fíìsì kan á ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì mìíràn wà nínú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ìyẹn náà á tún gbé e sórí ìlà tirẹ̀.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Ìmọ̀ràn mi kì í ṣe pé kí ẹ sáré kọ lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti jáde. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré ní ilé ìkówèésí ìjọba (National Archives) ní College Park, Maryland, lèèyàn ti lè rí àwọn ìwé CIA tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Àwọn kan pe ẹjọ́, ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá ojú ewé. Ẹ̀yin tó wà ní Ifẹ̀ àti Èkó lè jókòó sílé kà á.

Adùn iṣẹ́ yìí wà nínú ìwé tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ìjábọ̀ kan tí wọ́n fi dúdú kun ìpínrọ̀ rẹ̀ kan. Ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn ti jáde láti ọ́fíìsì mìíràn, ìpínrọ̀ yẹn wà níbẹ̀ gbangba, ibòmíràn ni wọ́n kùn. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́? Orúkọ orílẹ̀-èdè kan tí gbogbo ìwé ìtàn ogun náà ti dárúkọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní nǹkan: ibi tí wọ́n kùn ń sọ ẹni tí ọ́fíìsì náà ń bẹ̀rù láti bí nínú. Orí kan odindi nínú iṣẹ́ mi ló ti ibẹ̀ jáde.

Bí ẹ bá mọ ìwé kan pàtó, ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó kọ ọ́, ọ̀nà kejì wà tí wọ́n ń pè ní MDR, ìyẹn kí ẹ ní kí wọ́n tún ìwé àṣírí náà yẹ̀ wò bóyá ó ti yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ ò lè gbé èyí lọ sí kóòtù, àmọ́ ìgbìmọ̀ kan, ISCAP, ti wà láti 1995 tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọ́fíìsì pé wọ́n ti fi nǹkan pa mọ́ jù. Owó FOI níbí ò sì pọ̀: ẹni tó bá wá láti yunifásítì kì í san owó ìwákiri, 100 ojú ewé àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìyá Fáìlì

Ẹ jẹ́ kí èmi tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí náà sọ tèmi. Ẹ̀ka fáìlì ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ni mo wà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Lẹ́tà yín, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá á kọ nǹkan sí etí rẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà á kọ tirẹ̀. Á padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n bá máa sọ pé "Ìyá, ẹ bá wa wá a," ọjọ́ méje yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ yàrá tí fáìlì wà. Yàrá wa ń jò. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1996, fáìlì àtijọ́ ò bá wa wá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ àná ló wà. Ẹ̀yin á wá máa rò pé a fi pa mọ́. Abala 10 ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ á lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan ó kéré tán. Ikán ò ka abala 10.

Olùwádìí, ọmọ mi, alábòójútó rẹ gbọ́n. Àwọn tó mọ orúkọ ìwé ló ń rí i gbà. Èmi á fi ọ̀kan kún un: kí o tó béèrè fáìlì, béèrè rẹ́jísítà fáìlì. Ìwé ńlá ni, àwa la máa ń kọ gbogbo fáìlì sí i, nọ́ḿbà, àkọlé, ọjọ́ tí a ṣí i. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀, torí náà ẹ̀rù rẹ̀ ò ba ọ̀gá kankan. Bí o bá ti rí nọ́ḿbà níbẹ̀, kọ nọ́ḿbà náà sínú lẹ́tà kejì. Kò ní sí pé "a ò mọ ohun tó ń wá." Wọ́n á gbé e wá bá irú èmi tààrà.

Ẹ sì má kọ ìhàlẹ̀ kóòtù sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, Bàbá Lọ́yà ẹ má bínú. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà wa.

Bàbá Lọ́yà

Mi ò bínú, Ìyá. Lẹ́tà kejì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí.

Olùwádìí Ìbàdàn

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ́jísítà fáìlì rí. Ṣé òfin tì í lẹ́yìn?

Bàbá Lọ́yà

Abala 2. Ó ní kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan máa gbé àkójọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, àti àkójọ fáìlì àwọn tó ń tọrọ kọ́ńtírààkì. Tún béèrè àbọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Attorney-General kó tó di ọjọ́ 1 oṣù kejì. Iye lẹ́tà tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n kọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí òfin yìí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 300L

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ṣé mo lè fi FOI béèrè ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wa lóṣù tó ń bọ̀?

Bàbá Lọ́yà

Abala 19. Lọ kàwé rẹ.