Ìdáhùn: «Ìléròrò-ẹnu» kò lè jẹ́ orúkọ pemphigus

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ ìlera ẹnu tí ẹ fi ránṣẹ́. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mi ò lè gbà: «ìléròrò-ẹnu» fún pemphigus vulgaris, àìsàn tó ń sọ awọ ẹnu àti ti ara di egbò; «àrùn ìbára-ẹni-jà» fún gbogbo ìdílé àìsàn tí ara ti ń gbógun ti ara rẹ̀ (autoimmune); àti «òṣùwọ̀n ìgbádùn ayé» fún OHIP-14, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn ẹnu ṣe ń ni èèyàn lára tó.

Ohun tó bá lé ròrò, ojú ń rí i, ọwọ́ sì ń kàn án. Ti pemphigus inú ẹnu kì í dúró kí ẹnikẹ́ni rí i. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló lọ dojú kọ desmoglein 3, èyí tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ẹnu pọ̀. Awọ tó bo omi ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Eyín tàbí òkèlè kan án báyìí, ó ti bẹ́. Ojú egbò pupa tí etí rẹ̀ rí jágajàga ló kù. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ẹnu ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé awọ ara. Bí nọ́ọ̀sì bá wá fi ọ̀rọ̀ yín béèrè pé, «Ṣé ìléròrò yọ sí yín lẹ́nu, Mà?», aláìsàn á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Pemphigoid ti awọ ara, àìsàn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ni ìléròrò yẹ fún, nítorí abẹ́ ìpele òkè awọ ló ti ń ṣí, ó sì ń le gbandi.

Ẹ ní Gíríìkì náà, ìléròrò ni wọ́n fi pè é. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Gíríìkì kọ́ ni a fẹ́ fi bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

Abónilẹ́nu ni mo dábàá. Àfòmọ́ a- ibẹ̀ ni ti apani àti abanijẹ́. Ohùn òkè ni bó. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní bò ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń bo ẹnu. Iṣẹ́ dókítà pàápàá bá a mu: tó bá fẹ́ gé ẹran wò, ẹ̀gbẹ́ egbò ló ń gé, níbi tí awọ ṣì wà, torí pé awọ àárín ti bó lọ. Ègé kejì tí wọ́n fẹ́ fi wá èròjà inú ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú formalin, omi tí wọ́n fi ń pa ẹran ara mọ́, yóò bàjẹ́.

«Ìbára-ẹni-jà» ńkọ́? Ti orogún àti aládùúgbò nìyẹn! Ara inú rẹ̀ kì í ṣe ara tí à ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo akọjú-ìjà-sára.

«Òṣùwọ̀n ìgbádùn» ló burú jù. OHIP-14 ní ìbéèrè 14, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 4, àpapọ̀ 56. Ó ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ṣòro láti pè, bóyá adùn oúnjẹ dín kù, bóyá ẹnu ń dunni, bóyá èèyàn ní láti dá oúnjẹ dúró láàárín, bóyá ojú ń tì í. Iye tó bá ga ni ìnira tó pọ̀. Ẹni tó gba 50 lórí «ìgbádùn», kí ni olùkàwé fẹ́ rò? Ẹ kọ ọ́ ní òṣùwọ̀n ìnira ẹnu.

Àbúrò tó ní àwọn àgbà fi orín àtà tọ́jú ẹnu títí dọjọ́ ogbó, mi ò bá a jiyàn lórí ẹnu tó dá. Lórí ojú egbò, àtà á ta, okùn rẹ̀ á sì tún ha èrìgì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí kò ní sodium lauryl sulfate, nítorí nǹkan tó ń mú ọṣẹ hó yẹn lè bó awọ ẹnu. Kí wọ́n má sì torí ìrora pa fífọ̀ tì: ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ eyín ń mú kí èrìgì pupa sí i. Bí dókítà bá kọ omi dexamethasone, oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí ìjà inú ara, 0.5 mg nínú 5 ml, wọ́n á fi í sẹ́nu fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tu ú, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí funfun bá ń bo ahọ́n, kí wọ́n padà lọ: candida, irú ebu kan tó ń hù nínú ẹnu, lè ti wọlé, oògùn yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ti pé orín ni àbí pákò ni kó wọ àkójọ, orín ni èmi yóò máa kọ.